Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú kíkọ ẹ̀rí ìṣirò

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba máàkì gíga nínú ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama ni ó máa ń kọsẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì, nígbà tí ìbéèrè kò bá sọ pé "wá iye x" mọ́, tí ó wá ń sọ pé "fi hàn pé". Nílé ẹ̀kọ́ girama, ìdáhùn ni olùkọ́ ń wá. Bí 12 bá jáde nísàlẹ̀ ìwé, tí ó sì jẹ́ pé 12 ni ìdáhùn, ọ̀rọ̀ parí. Nínú ẹ̀rí, a ti mọ ìdáhùn kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí inú ìbéèrè gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tí ẹni tí ń ṣiyèméjì yóò fi gbà, tí kò fi ní rí ibi kankan tí yóò ti jiyàn. Ẹni tí ó bá gbàgbé pé oníyèméjì ni òun ń kọ̀wé sí, bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó, yóò máa ṣubú sínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìbéèrè kékeré kan. Nọ́mbà odidi tí ó bá ṣeé pín sí ọ̀nà méjì láìṣẹ́kù, bíi 2, 8 àti 30, ni a ó pè ní nọ́mbà dídọ́gba; èyí tí yóò bá ṣẹ́ku 1, bíi 3, 7 àti 15, ni a ó pè ní nọ́mbà aláìdọ́gba. Wọ́n ní kí a fi hàn pé bí a bá ro nọ́mbà aláìdọ́gba méjì pọ̀, dídọ́gba ni àròpọ̀ wọn.

Àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ 3 + 5 = 8, ó kọ 7 + 9 = 16, ó kọ 11 + 21 = 32, ó sì fà á nílà pé "nítorí náà, òtítọ́ ni". Òtítọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi hàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ó dán an wò, bẹ́ẹ̀ àwọn nọ́mbà aláìdọ́gba kò lópin, oníyèméjì sì lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ béèrè pé: àwọn tí o kò dán wò ńkọ́?

Kì í ṣe àríwísí lásán ni oníyèméjì yìí ń ṣe. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, wo àwọn nọ́mbà 3, 5, 17, 257 àti 65,537, tí a máa ń rí bí a bá fi 1 kún 2¹, 2², 2⁴, 2⁸ àti 2¹⁶. Práìmù ni gbogbo wọn, ìyẹn ni pé kò sí nọ́mbà tí ó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Fermat gbà pé bí yóò ṣe máa rí lọ nìyẹn títí láé. Ní ọdún 1732 ni Leonhard Euler fi hàn pé èyí tí ó tẹ̀ lé wọn gan-an, 2³² + 1, tí í ṣe 4,294,967,297, kì í ṣe práìmù, nítorí 641 × 6,700,417 ni. Òmíràn tún wà tí ó so mọ́ orúkọ Euler yìí kan náà: n² + n + 41. Bí a bá fi 0 sí ipò n, tàbí 1, tàbí 2, títí dé 39, práìmù ni yóò máa jáde, ogójì ìgbà léraléra. Bí a bá fi 40 síbẹ̀, 1,681 ni yóò jáde, 41 × 41 sì ni. Ta ni nínú wa tí ó máa ń ní sùúrù láti dán ohun kan wò dé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì?

Èyí kò sọ pé àpẹẹrẹ kò wúlò. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo nọ́mbà, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí kò rí bẹ́ẹ̀ ti wó o lulẹ̀, o kò sì ní láti wá èkejì. Lórí ìwé tí o fi ń gbìyànjú ìṣirò fúnra rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, àpẹẹrẹ ni yóò jẹ́ kí o mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Láti inú rẹ̀ ni o ti lè wá ẹ̀rí, kì í ṣe kí o gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Lẹ́tà kan fún nǹkan méjì

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbọ́ ìkìlọ̀ yìí yóò padà sí oríkì. Nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá, oríkì ni wọ́n ń pe gbólóhùn tí ó sọ ohun tí nǹkan jẹ́ ní pàtó, kì í ṣe ti ìwúrí tí ìyá àgbà fi ń jí ọmọ láàárọ̀. Oríkì nọ́mbà aláìdọ́gba ni pé ó ṣeé kọ báyìí: 2k + 1, níbi tí k ti jẹ́ nọ́mbà odidi kan. Akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ ọ́ pé:

(2k + 1) + (2k + 1) = 4k + 2 = 2(2k + 1)

Ó ní ó ti parí. Ìparí rẹ̀ tọ̀nà, gbogbo ìṣirò inú rẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà tí ó fi k kan náà sí ibi méjèèjì, nọ́mbà kan náà ni ó rò pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ó ti fi hàn pé 7 + 7 jẹ́ dídọ́gba. Kò sọ ohunkóhun nípa 7 + 9. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́: bí ẹ̀rí náà bá péye, a jẹ́ pé gbogbo irú àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ 4k + 2, tí yóò sì máa ṣẹ́ku 2 bí a bá fi 4 pín in. Ṣùgbọ́n 3 + 5 jẹ́ 8, 4 sì pín 8 láìṣẹ́kù. Ẹ̀rí tí ó bá fi hàn ju ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ lọ ti gbé ẹ̀bi ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ ni pé nọ́mbà àkọ́kọ́ jẹ́ 2k + 1, èkejì jẹ́ 2m + 1, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 2(k + m + 1). Níwọ̀n bí k + m + 1 ti jẹ́ nọ́mbà odidi, dídọ́gba ni àròpọ̀ náà. Lẹ́tà kan péré ni ó yàtọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bínú pé wọ́n fi yọ máàkì àwọn.

Bíbẹ̀rẹ̀ láti ibi tí à ń lọ

Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ni ó ṣòro jù láti gba lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó máa ń dà bíi pé iṣẹ́ ti ṣe. Yóò kọ ohun tí wọ́n ní kí ó fi hàn sí ìlà àkọ́kọ́, yóò máa tún un ṣe títí yóò fi kan ohun tí gbogbo ènìyàn gbà, bíi 0 = 0, yóò sì fi àmì ìparí sí i. Ẹ wo bí èyí ṣe lè "fi hàn" pé 3 = 5. Yọ 4 kúrò lápá méjèèjì, ó ku −1 = 1. Sọ apá kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ fúnra rẹ̀, ó di 1 = 1. Ta ni yóò jiyàn pé 1 kì í ṣe 1? Ohun tí a ṣe ni pé a gba irọ́ gbọ́ ní ìlà àkọ́kọ́, a sì rìn láti ibẹ̀ dé òtítọ́, èyí tí kò ṣòro rárá. Irọ́ lè bí òtítọ́. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti inú òtítọ́, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tọ̀nà, a kò lè bá irọ́ pàdé.

Síbẹ̀, kò burú kí a ronú láti ẹ̀yìn wá. Bí wọ́n bá ní kí o fi hàn pé a + b kò kéré sí 2√(ab), níbi tí a àti b kò ti kéré sí 0, kò sí bí o ṣe máa mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀ bí o kò bá kọ́kọ́ tú u láti ìparí. Bí o bá tú u, o ó rí i pé ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé (√a − √b)² kò lè kéré sí 0. Ìgbà yìí ni kí o wá mú ìwé tuntun, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o rí nídìí, kí o sì rìn síwájú: ó di a − 2√(ab) + b ≥ 0, ó sì di a + b ≥ 2√(ab). Télọ̀ a máa rán aṣọ láti inú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í wọ aṣọ kí ojú ìrán wà níta. Ohun mìíràn tún wà nínú kíkọ ọ́ síwájú yìí: bí ìgbésẹ̀ kan bá wà tí kò ṣeé padà, irú èyí tí a lò fún 3 = 5, ibẹ̀ ni yóò ti há.

"Bí" kì í ṣe ọ̀nà alọ-àbọ̀

Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ yóò tutù. Ilẹ̀ tutù láàárọ̀ yìí. Ṣé òjò rọ̀? Ó lè jẹ́ ìrì, ó sì lè jẹ́ pé aládùúgbò ni ó da omi ìfọṣọ síta. Kò sí ẹni tí a óò tan nídìí èyí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti nọ́mbà, ojú inú máa ń fọ́.

Nínú ẹ̀rí àtijọ́ pé √2 kò ṣeé kọ gẹ́gẹ́ bí ìdá nọ́mbà odidi kan lórí òmíràn, ibì kan wà tí a ti nílò òtítọ́ yìí: bí n² bá jẹ́ dídọ́gba, n pẹ̀lú jẹ́ dídọ́gba. Ohun tí mo sábà máa ń rí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé wọ́n á ní n = 2k, nítorí náà n² = 4k² = 2(2k²), ó jẹ́ dídọ́gba, ó tán. Wọ́n ti fi hàn pé bí n bá jẹ́ dídọ́gba, n² yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rán wọn lọ sí Ìbàdàn láti Ọ̀yọ́, wọ́n gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́.

Ohun tí ìlànà ìrònú fún wa láàyè láti ṣe ni kí a yí ọ̀rọ̀ náà padà kí a sì sọ ọ́ ní òdì pọ̀: bí ilẹ̀ kò bá tutù, a jẹ́ pé òjò kò rọ̀. Gbólóhùn yìí àti ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà, dípò kí a máa bá n² fà á, ẹ jẹ́ kí a sọ pé n kì í ṣe dídọ́gba. Yóò jẹ́ 2k + 1, n² yóò sì jẹ́ 4k² + 4k + 1, ìyẹn 2(2k² + 2k) + 1, tí í ṣe aláìdọ́gba. Ó parí ní ìlà méjì.

Níbi tí èdè ẹnu ti ń tàn wá

Ẹni tí ó ń ronú ní Yorùbá ní láti ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta. "Tàbí" ni àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé àmàlà tàbí iyán, ọ̀kan ni wọ́n ní kí o mú. Nínú ìṣirò, "tàbí" gba kí méjèèjì jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni "gbogbo" pẹ̀lú "kò". "Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kò wá" lè túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò wá, ó sì lè túmọ̀ sí pé àwọn kan wá, àwọn kan kò wá. Nínú ẹ̀rí, kọ "kì í ṣe gbogbo" tàbí "kò sí èyíkéyìí", kí ó yé ènìyàn èwo ni o ń sọ. Ẹ̀kẹta ni bí "gbogbo" àti "ọ̀kan wà" ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Gbogbo ọmọ ni ó ní ìyá, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan tí ó jẹ́ ìyá gbogbo ọmọ. Bákan náà, nọ́mbà kọ̀ọ̀kan ni ó ní èyí tí ó jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó ju gbogbo wọn lọ. Bí o bá yí ipò ọ̀rọ̀ méjèèjì padà láìmọ̀, ìtumọ̀ ti yí padà, kò sì sí ìṣirò dáadáa tí ó lè tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Nípa pípín nǹkan pẹ̀lú 0, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ohun tí wọn kì í mọ̀ ni pé 0 kì í sábà wá ní orúkọ ara rẹ̀: bí o bá ti kọ́kọ́ sọ pé a = b, 0 ni a − b, kò sì yẹ kí o fi pín ohunkóhun ní ìlà kẹrin.

Àkàsọ̀ tí kò ní ìsàlẹ̀

Ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní induction dà bí gígun àkàsọ̀: fi hàn pé ẹsẹ̀ rẹ lè dé orí igi àkọ́kọ́, kí o sì fi hàn pé láti orí igi yòówù o lè dé èyí tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń gbàgbé igi àkọ́kọ́. Èyí tí ó fara sin jù ni ti ẹni tí kò dán ìgbésẹ̀ rẹ̀ wò nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo ẹ̀rí ayédèrú yìí pé àwọ̀ kan náà ni gbogbo ẹṣin ní. Ẹṣin kan ṣoṣo ní àwọ̀ kan. Bí a bá gbà pé ẹṣin k yòówù tí a bá kó jọ ní àwọ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí a kó k + 1 jọ. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, k ni ó kù, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Dá a padà, kí o yọ ti ìkẹyìn. K náà ni ó kù, àwọn náà ní àwọ̀ kan. Àwọn ẹṣin àárín wà nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, nítorí náà àwọ̀ gbogbo wọn dọ́gba. Bí k bá jẹ́ 1, ẹṣin méjì péré ni ó wà, kò sì sí ẹṣin kankan láàárín. Láti orí igi kejì sókè, kò sí ohun tí ó ṣe àkàsọ̀ náà; igi kìíní sí èkejì ni ó ti dá.

"Ó hàn gbangba pé"

Gbólóhùn yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀rí fi ń bo ibi tí kò dá wọn lójú, àwọn àgbà náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1879, Alfred Kempe tẹ ẹ̀rí kan jáde pé àwọ̀ mẹ́rin tó láti kun àwòrán ilẹ̀ yòówù, tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jùmọ̀ ní ààlà kò fi ní ní àwọ̀ kan náà. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn onímọ̀ fi gbà á, títí Percy Heawood fi tọ́ka sí àléébù inú rẹ̀ ní ọdún 1890. Ní ọdún 1976 ni Kenneth Appel àti Wolfgang Haken tó rí ẹ̀rí tí ó dúró, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1993, Andrew Wiles pẹ̀lú kéde ẹ̀rí ọ̀rọ̀ Fermat tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, pé bí n bá jẹ́ nọ́mbà odidi tí ó ju 2 lọ, kò sí nọ́mbà odidi x, y àti z tí ó ju 0 lọ tí xⁿ + yⁿ yóò fi jẹ́ zⁿ. Àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò rí ihò níbẹ̀, ó sì gba òun àti Richard Taylor títí di ọdún 1994 kí wọ́n tó dí i.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá parí ẹ̀rí kan, mo máa ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì máa ń mú pẹ́ńsù láti fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí mo bá ti kọ "ó hàn gbangba". Ìlà kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń gbìyànjú láti fi gbólóhùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "nítorí" rọ́pò. Bí gbólóhùn náà kò bá wá, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò tíì parí.