Bí a ṣe ń mọ ìgbà tí wọ́n ṣe ère ìránṣẹ́ inú ibojì Íjíbítì

Ojú ère ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ wò, bẹ́ẹ̀ ojú kì í sọ púpọ̀. Ẹ yí i padà.

Bí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tó dúró lórí pèpéle kékeré, tó sì ní irùngbọ̀n, shabti (ère ìránṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń sin mọ́ òkú kó lè bá a ṣiṣẹ́ lọ́run) ìgbà ìkẹyìn ni, láti ìdílé ọba 26 nínú ìtò ìdílé àwọn ọba Íjíbítì (664 sí 525 ṣáájú Kristi) wá sísàlẹ̀. Bí kò bá sí òpó, tó jẹ́ búlúù tó ń dán, tí wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ̀wé sí i lára, tí wọ́n sì kun ọ̀já mọ́ ọn lórí, ìdílé ọba 21 ni kí ẹ fọkàn sí.

Lẹ́yìn náà, ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe? Obìnrin tó kúnlẹ̀ tó ń lọ ọkà, ọkùnrin tó ń sẹ́ ọtí: ìwọ̀nyí kì í ṣe shabti. Ti òkúta ẹfun jẹ́ ti ayé àwọn tó kọ́ pírámíìdì. Ti igi, tí wọ́n tò sínú ilé kékeré bí ibi ìṣebúrẹ́dì, ló dé lẹ́yìn wọn. Irú wọn ni wọ́n rí ní ibojì ìjòyè kan, Meketre, ní ìlú Thebes lọ́dún 1920. Èèyàn gidi ló ṣáájú gbogbo wọn: ibojì tó lé ní 300 ló yí ti ọba Djer ká ní Abydos, ti àwọn abọ́bakú. Ẹ má sọ pé ère rọ́pò wọn lójú ẹsẹ̀ o. Àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún ohun tó ju igba ọdún lọ kí ère òkúta tó gbilẹ̀.

Ó kan ọwọ́. Shabti àkọ́kọ́ kì í mú nǹkan kan dání. Láti àárín ìdílé ọba 18 ni ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀ ti wọ́pọ̀, torí Orí 6 nínú Ìwé Òkú, àkójọ ọfọ̀ tí wọ́n ń sin mọ́ òkú, ní bí wọ́n bá pe olóògbé síṣẹ́ oko lọ́run, ère ni yóò jẹ́ ipè: “Èmi nìyí.” Tutankhamun ní 413. Nígbà tó yá, 401 ló wá di iye tó pé: òṣìṣẹ́ 365, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀gá 36 tó wọ bàǹtẹ́, tó mú pàṣán dání. Ta ni yóò fọwọ́ gbẹ́ 401? Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú àwòṣe ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi kéré tí ojú wọn kò sì hàn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni àwọ̀. Búlúù tó ti ṣá lè di àwọ̀ ewé. Òkúta náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ère pẹ́: shabti Taharqa, ọba ìdílé 25 tí wọ́n sin sí Nuri ní Sudan, lé ní 1,000, òkúta sì ni wọ́n.

Ní ti ayédèrú, ọ̀rọ̀ ara ère ló máa ń tú u fó. Ti gidi sábà máa ń ní “Osiris”, orúkọ òrìṣà àwọn òkú, ṣáájú orúkọ olóògbé. Ti ayédèrú á kàn to àmì tí kò ṣeé kà jọ.