Bí a ṣe ń yan ìbọn .22 àti awò orí rẹ̀ fún yíyìn sí àmì, láìná owó rẹpẹtẹ

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí àmì sábà máa ń kó gbogbo owó rẹ̀ lé ìbọn lórí, á fi ṣẹ́ńjì ra awò tí a fi ń wo àmì láti orí ìbọn, á sì wá máa wá ẹni tó máa yá a lówó ọta. Èmi á ní kí ẹ pín owó yín kí ẹ tó jáde nílé: ìdajì fún ìbọn, ìdá kan nínú mẹ́rin fún awò àti irin tí a fi ń dè é mọ́ ìbọn, ìyókù fún ọta. Ìbọn .22, ìyẹn ìbọn ọta kékeré, tí kò wọ́n lóde òní péye ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lọ. Ọta tí kò bá a mu ló ń dójú tì í.

Òfin ló ṣáájú. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó ra ìbọn, òfin sì tún wà lórí bí ẹ ṣe máa gbé e rìn àti bí ẹ ṣe máa tì í mọ́ inú àpótí nílé. Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ní pápá ìyìnbọn lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ní ìbọn tí ẹni tuntun lè fi kọ́ṣẹ́, ẹ ó sì lè gbé oríṣiríṣi dání kí ẹ tó yọ owó lápò.

Ẹ mọ irú ọta tí ẹ ń bá lò

Ọta .22 Long Rifle kò ní kápù láàárín ìdí rẹ̀. Èròjà tó ń ṣáná sí ẹ̀tù wà nínú etí ìdí ìkarahun rẹ̀ yí ká, irin ìbọn á sì gbá etí náà kó tó gbiná. Nítorí pé etí yẹn gbọ́dọ̀ rọ̀ tó láti tẹ̀ wọnú, agbára rẹ̀ kò lè pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta èjìká, tí owó rẹ̀ náà sì mọ níwọ̀n. Láti 1887 ló ti wà, òun ni wọ́n sì ń lò nínú ìdíje Olympic ti mítà 50 títí dòní. Ẹlòmíì á sọ fún yín nípa .17 HMR, ọta míì tó tún kéré sí i lẹ́nu, tó jáde ní 2002. Ó yára, ó sì ń lọ gbọọrọ dáadáa, àmọ́ owó ọta rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ máa ka ọta nígbà tó yẹ kí ẹ máa kọ́ṣẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí kíkéré .22 tàn yín o. Bí nǹkan kò bá dá a dúró, ó lè rìn ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ibi tí kò bá ti sí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn lẹ́yìn àmì, kì í ṣe ibi ìyìnbọn rárá.

Yíyan ìbọn

Ìbọn tí a ń fọwọ́ fa bólùtì rẹ̀ (irin tó ń ti ọta wọlé) lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ rà. Èyí tó ń kó ọta tó kàn wọlé fúnra rẹ̀, bíi Ruger 10/22 tó ti wà láti 1964, dùn ún yìn, kò sì sí ohun tí ènìyàn ò lè pààrọ̀ lára rẹ̀; ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn, torí pípààrọ̀ yẹn ń jẹ owó. Ní iye owó kan náà, oníbólùtì sábà máa ń péye jù, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Savage Mark II, Ruger American Rimfire àti CZ 457 ni orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ jù. CZ ló máa ń wọ́n jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, síbẹ̀ tí owó bá ká a, òun ni mo fara mọ́. Ẹni tó ni Savage àti CZ lè fúnra rẹ̀ dín bí tírígà wọn ṣe le kù, ohun ńlá nìyẹn: tírígà tó bá le máa ń fa ìbọn kúrò lójú àmì kí ọta tó jáde.

Ẹ gbé e sójú èjìká. Ẹ dijú, ẹ fẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi ìdí rẹ̀ bó ṣe wù yín, kí ẹ wá la ojú. Ó yẹ kí ojú yín bọ́ sí ibi tí àárín awò máa wà, láìjẹ́ pé ẹ na ọrùn. Bí igi náà bá kúrú tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀, fóòmù àti téèpù lè tún un ṣe, kò dìgbà tí ẹ bá ra òmíràn. Ọ̀pá ìbọn tó nípọn wúwo, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n lọ́wọ́, ó dára fún ẹni tó máa dùbúlẹ̀ tàbí tó máa gbé ìbọn lé àpò iyanrìn. Ẹni tó máa yìn ún lórí ìdúró kò nílò ẹrù yẹn.

Àlòkù ńkọ́? Mi ò kọ̀ ọ́. Òjé rírọ̀ ni ọta .22, kì í tètè jẹ inú ọ̀pá ìbọn. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ọ̀pá ìnubọn tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ láti ẹnu. Nítorí náà ẹ tanná sí ẹnu ìbọn yípo, kí ẹ wá ibi tó bá ṣẹ́ tàbí tó ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ yọ bólùtì, kí ẹ tún wo etí ihò tí ọta ń jókòó sí. Bí ojú ibi tí irin ti ń gbá a bá ti tẹ̀ kòtò, wọ́n ti ń fa tírígà rẹ̀ lófìfo nìyẹn, ọta lè má wọlé tàbí jáde geerege mọ́.

Awò

Ibí ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà gba owó lọ́wọ́ ènìyàn. Awò olówó pọ́ọ́kú tó ń sún nǹkan mọ́ra ní ìlọ́po 24 máa ń ṣókùnkùn, gbogbo ìmí yín á sì hàn nínú rẹ̀. Fún mítà 50, 3-9x40 (ìlọ́po 3 sí 9, gíláàsì iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40) tó gbámúṣé tó. Bí ẹ bá ń lọ sí mítà 100, ìlọ́po 12 sí 16 kò burú.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bèèrè kó tó di ìlọ́po ni jíjìn tí wọ́n ṣe awò náà fún. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ìbọn ńlá, nǹkan bíi mítà 91 ni wọ́n sábà máa ń tò ó sí, ti .22 jẹ́ nǹkan bíi mítà 46. Bí ẹ bá lo ti ìbọn ńlá ní mítà 25, tí orí yín sì yẹ̀ díẹ̀, àgbélébùú inú awò á rìn lójú àmì, bẹ́ẹ̀ ìbọn ò sì kúrò níbi tó wà. Ẹ dán an wò: ẹ gbé ìbọn lé àpò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kàn máa mi orí sọ́tùn-ún sósì. Awò tí ènìyàn lè fọwọ́ yí jíjìn rẹ̀ ló dára jù, bí owó bá gbà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ wo orí ìbọn. CZ 457 ní ojú irin 11 mm, òmíràn ń lo Picatinny (irin tó ní ihò gígùn léraléra lórí), irin ìdè ọ̀kan ò sì bá èkejì mu. Ìtóbi ọrùn awò náà ṣe pàtàkì, 25.4 mm tàbí 30 mm. Ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9 sílẹ̀ láàárín ojú àti awò, kí ẹ sì máa fún àwọn ìdè náà díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe kí ẹ fún ọ̀kan pa kí ẹ tó kan èkejì. Ìdè tí kò fún dáadáa ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ra ìbọn tuntun láìnídìí.

Láti mú kí ibi tí awò ń tọ́ka sí bá ibi tí ọta ń bọ́ sí mu, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mítà 25, kí ẹ tó sún sí 50. Ọ̀pọ̀ awò ni wọ́n kọ 1/4 MOA sí lára (MOA jẹ́ ìwọ̀n igun kékeré). Bí ẹ bá yí bọ́tìnì ara awò tó dún kẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọta á sún ní nǹkan bíi mìlímítà 3.6 ní mítà 50, ìdajì rẹ̀ ní 25. Ẹ yin ọta márùn-ún, ẹ wo àárín wọn. Tó bá fi mìlímítà 36 yà sósì ní mítà 50, kẹ́ẹ́ mẹ́wàá sọ́tùn-ún ni. Ẹ má ṣe máa lé ihò kọ̀ọ̀kan kiri.

Jẹ́ kí ìbọn yan ọta rẹ̀

Ẹ ra páálí kọ̀ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò yára ju ohùn lọ: CCI Standard Velocity, SK Standard Plus, Eley àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè iye yẹn á rẹlẹ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ìgbà yẹn ló sì máa ń gbọ̀n tó ń yà. Bí orí páálí bá kọ ọ́ pé ó yára, ẹ má ka ìyẹn sí ọlá.

Ẹ má ka mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, torí ìda ara ọta tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pá ìbọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yìn ín ní márùn-ún márùn-ún sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Bí ọta kan bá kọ̀ láti dún, ẹ fi ẹnu ìbọn sí ọ̀nà àmì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí ẹ tó ṣí bólùtì. Ẹ bo etí, ẹ wọ gíláàsì, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí òjé.

Bí ihò márùn-ún bá lè wọnú nǹkan bíi mìlímítà 15 sí 20 ní mítà 50 léraléra, ìbọn yín ti ṣe tirẹ̀. Ọta tó bá ṣe é, tí owó rẹ̀ sì kéré jù, ni kí ẹ dì mú. Nọ́ńbà kan wà lára páálí tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n pa pọ̀. Ẹ padà lọ ra púpọ̀ nínú nọ́ńbà yẹn gan-an, torí orúkọ kan náà tó ní nọ́ńbà míì lè má bá ìbọn yín mu.