Tóònù abẹ́ ohùn lórí rìpítà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àwọn tó ń gbé rìpítà ham kalẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rédíò àwọn tó ń lo rédíò fún ìfẹ́ rẹ̀, tó sì ń tún un gbé jáde kó lè lọ jìnnà) kì í fi áńtẹ́nà ṣeré, wọn kì í sì í fi dúpílẹ́sà, asẹ́ tó ń jẹ́ kí tíránsímítà àti rìsífà jọ lo áńtẹ́nà kan, ṣeré. Wọ́n á wọn wáyà, wọ́n á yí dúpílẹ́sà títí yóò fi gún régé. Tó bá wá kan tóònù CTCSS, wọ́n á mú nọ́ńbà kan, wọ́n á tan ẹ́ńkódà tó ń ṣe tóònù náà, wọ́n á ní ó parí. Kò tíì parí o. Tóònù kékeré yìí, tó wà láàárín 67.0 Hz àti 254.1 Hz, ń rìn lábẹ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, asẹ́ inú rédíò sì máa ń yọ ọ́ kúrò kó tó dé etí. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì ló ń ṣe lórí rìpítà. Lójú ọ̀nà àbáwọlé, òun ló ń pinnu ẹni tí rìpítà yóò dá lóhùn. Lójú ọ̀nà àbájáde, òun ló ń pinnu ohun tí rédíò àwọn olùgbọ́ yóò ṣí etí sí. Ti àbáwọlé làwọn èèyàn máa ń rántí. Ti àbájáde ni wọ́n ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù.

Ẹ má so tóònù àbájáde mọ́ PTT, ìyẹn wáyà tó ń tan tíránsímítà. Èyí ló ń dùn mí jù, torí pé àtúnṣe rẹ̀ lè má ju wáyà kan lọ. Bí ẹ bá so ó mọ́ PTT, tóònù á máa jáde ní gbogbo ìgbà tí tíránsímítà bá wà lórí afẹ́fẹ́: nígbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀, nígbà ìrù tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà (àkókò díẹ̀ tí tíránsímítà ṣì fi wà lórí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀), àti nígbà tí kọntíróòlà, ọpọlọ rìpítà, bá ń fi Morse pe orúkọ rìpítà. Ẹni tó tan tóònù sórí rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn nìkan á wá máa gbọ́ Morse lóru, á tún gbọ́ ariwo ṣàà nígbà tí rìpítà bá já. Kò ní pẹ́ tí yóò fi pa rédíò náà tì. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá ń ké fún ìrànlọ́wọ́, ta ló kù tí yóò gbọ́?

Ohùn tó ń wọlé ló yẹ kí tóònù tẹ̀ lé. Bí rìsífà bá gbọ́ ẹni tó tọ́, kí kọntíróòlà tan ẹ́ńkódà. Bí ẹni náà bá jọ̀wọ́ bọ́tìnì rẹ̀, kí tóònù kú lójú ẹsẹ̀, kí tíránsímítà ṣì máa bá ìrù rẹ̀ lọ. Rédíò olùgbọ́ á ti panu mọ́ kí rìpítà tó já, kò ní sí ariwo kankan. Bí rìpítà méjì bá wà tí rédíò kan so pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí tún lágbára sí i: tóònù tó bá wà nínú ìrù ti ọ̀hún lè di ti ìhín mú, ti ìhín náà á di ti ọ̀hún mú, àwọn méjèèjì á máa gbé ara wọn dìde láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìkéde pàjáwìrì nìkan ni mo fara mọ́ pé kí kọntíróòlà fúnra rẹ̀ tan tóònù fún, torí pé a fẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

Ẹ má jẹ́ kí tóònù ẹni tó ń pè wọ inú rìpítà kó tún gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ́ńkódà yín bá ń ṣe tóònù tirẹ̀, tí ti oníbàárà (ẹni tó ń pè) sì tún ń yọ́ kọjá, méjì ló wà lórí afẹ́fẹ́. Kódà bí nọ́ńbà wọn bá jọra, wọn kì í bára rin déédéé: ní ìṣẹ́jú kan wọ́n á ti ara wọn lẹ́yìn, ní ìṣẹ́jú kejì wọ́n á pa ara wọn. Rédíò olùgbọ́ á máa ṣí, á máa tì. Asẹ́ tó ń gé ohun tó wà lábẹ́ 300 Hz kúrò nínú ohùn rìsífà ni ojútùú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi tóònù tuntun sí i.

Ẹ má fi etí díwọ̀n bí tóònù ṣe pọ̀ tó. Lórí ìkànnì tí deviation rẹ̀ (bí ohùn ṣe ń ti ìgbì rédíò kúrò ní ipò rẹ̀ tó) jẹ́ 5 kHz, nǹkan bíi 500 sí 750 Hz ló yẹ kó jẹ́ ti tóònù. Bó bá kéré jù, àwọn tó wà lókèèrè ni yóò kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, ó ń jẹ àyè tó yẹ kó jẹ́ ti ohùn, àwọn èèyàn á sì máa gbọ́ ìkùn lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ yá mítà deviation bí ẹ kò bá ní in. Ẹ má sì ti ojú ọ̀nà máíkì fi tóònù wọlé, torí asẹ́ ohùn tó wà níbẹ̀ á gé e dànù. Ẹ̀yìn límítà, tó ń gé ohùn tó bá pọ̀ jù, ni kó wọlé, tààrà sí mọ́dúlétọ̀, ibi tí ohùn ti ń gun ìgbì rédíò. Bó bá jẹ́ mọ́dúlétọ̀ fáàsì (phase) ni rédíò yín ní, bí tóònù ṣe ń lọ sílẹ̀ ni deviation rẹ̀ ń kéré sí i, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà ni kí ẹ tún un wọ̀n.

Ní ti dìkódà, tó ń dá tóònù mọ̀ nínú rìsífà, inú discriminator (ibi tí ohùn ti ń kọ́kọ́ jáde látinú ìgbì rédíò) ni kó ti mú ohùn, kó tó dé fọ́lúùmù àti asẹ́. Kí kọntíróòlà béèrè squelch (ẹ̀ṣọ́ tó ń pa ariwo mọ́ nígbà tí kò bá sí àmì) àti tóònù pa pọ̀ kó tó ṣí. Tóònù nìkan kò tó, torí dìkódà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹni náà ti lọ, ariwo á sì ti jáde.

Ẹ yẹra fún nọ́ńbà tó bá iná mànàmáná mu. Níbi tí iná bá ti jẹ́ 50 Hz, 100.0 Hz jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ gan-an. Níbi tó bá ti jẹ́ 60 Hz, 118.8 àti 179.9 sún mọ́ 120 àti 180 jù.

Ẹ má sì fi tóònù bo àìsàn mọ́lẹ̀. Tóònù kì í lé ẹni tó ń dí yín lọ́wọ́; ńṣe ni kò kàn jẹ́ kí rìpítà ṣí fún un. Àmì rẹ̀ ṣì wà nínú rìsífà, bó bá sì lágbára ju ti oníbàárà lọ, oníbàárà náà gbé nìyẹn. Bákan náà ni bó bá jẹ́ tíránsímítà tiyín ló ń di rìsífà yín létí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí kọntíróòlà ní àṣẹ DTMF (ohùn bọ́tìnì nọ́ńbà bíi ti fóònù) tí ẹ lè fi pa ìbéèrè tóònù láti òkèèrè, kí ẹ gbọ́ ohun tí rìsífà ń gbọ́ gan-an. Ẹ pààrọ̀ kóòdù àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú kọntíróòlà. Ẹ sì dán an wò: ẹ pa iná rìpítà, ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá ipò tí ẹ fi tóònù sí ló ṣì wà nígbà tí kọntíróòlà bá jí.