Òjò sé yín mọ́lé pẹ̀lú ọmọ? Ẹ gbọ́ ohun tí páànù ń sọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékìtì, ẹ mọ bí òjò wa ṣe máa ń ṣe, tó bá ti ṣú lẹ́yìn àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ tó ká aṣọ tán lórí okùn ó ti dé, NEPA á ti mú iná lọ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tiẹ̀ tó kàn'lẹ̀, ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti orí àga kan bọ́ sí èkejì. Ẹ má jágbe mọ́ ọn jàre, kò ní gbọ́, ariwo páànù ju tiyín lọ. Páànù yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó yan eré fún yín.

Tó bá ń rọ̀ débi pé ẹ ò gbọ́ra yín, eré ọwọ́ ló kàn. Ayò lèmi fẹ́ràn jù, ẹ ò sì nílò ọpọ́n. Ẹ wá kéréètì ẹyin, èyí tó ń gba ẹyin 30, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà méjì tó ní ojú mẹ́fà mẹ́fà. Ọmọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ka àgbàdo gbígbẹ 48 síta fúnra ẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin sójúlé kọ̀ọ̀kan, tó bá ṣì í kà kó tún un kà, òjò ò tíì dá. Ìlà kan tiẹ̀, ìlà kan tiyín. Tó bá kan ẹnì kan, á kó gbogbo ọmọ ayò inú ojúlé ẹ̀ kan, á máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún. Tí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé ẹnì kejì tó sì di méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá borí ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n nà ni ọ̀pẹ, tó bá sì nà yín ẹ jẹ́ kó pè yín lọ́pẹ dáadáa kó fi yín ṣẹ̀sín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ayò ò dùn. Ọmọ tí ò tíì tó ọdún mẹ́rin, ẹ má fún un lágbàdo o, imú ló máa kì í bọ̀! Ṣíbí àti ìkòkò ni kẹ́ ẹ gbé fún ìyẹn, kó bá páànù díje.

Tí ààrá bá ń sán tó ń sá sábẹ́ aṣọ yín ńkọ́? Ẹ yọ TV àti fíríìjì lára iná, ẹ kúrò nídìí fèrèsé, kẹ́ ẹ wá jọ máa kà. Bí mọ̀nàmọ́ná bá ti kọ báyìí, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, bí aago ṣe ń lọ, títí ààrá á fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tó nǹkan bíi kìlómítà kan, torí náà tẹ́ ẹ bá kà dé mẹ́sàn-án, ọ̀nà yín sí i tó kìlómítà mẹ́ta. Bí kíkà bá ṣe ń gùn sí i ni òjò ń lọ, ọmọ tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan á wá máa bínú pé ààrá ò tètè sán.

Páànù ti rọlẹ̀? Àlọ́ yá. Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí ò kí ọba? Á ní ọ̀kadà, á ní ewúrẹ́. Ẹ má sọ fún un, ẹ kàn ká kọ́tìnì sókè kó wo àgbàrá tó ń gba iwájú géètì lọ. Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, Òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò: ẹ̀wà nìyẹn, ẹ bu díẹ̀ wá kó rí tìróò náà lójú wọn. Tí ìyá àgbà bá wà nílé, kí wọ́n fi Èkìtì pa tiwọn, ọmọ lè má gbọ́ gbogbo ẹ̀ àmọ́ á rẹ́rìn-ín. Tóun náà bá pa tiẹ̀ tí ò nítumọ̀, ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀.

Bojúbojú náà dáa, kó má ṣáà dé kíṣíìnì.

Tílẹ̀ bá ṣú tí iná ò tíì dé, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sórí àpótí kó kọjú sí ògiri, ẹ fi àtàńpàkò méjèèjì kọ́ra, ẹ na ìka yòókù, ẹyẹ nìyẹn. Kó sún ọwọ́ mọ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹyẹ á tóbi kó gba gbogbo ògiri, kó sún un mọ́ ògiri, á kéré.

Ẹ kó àgbàdo yẹn sínú ike tó ní ìdérí o, èkúté ò mọ̀ pé ọmọ ayò ni.