Kí o tó san owó físà Yúróòpù

Mú orúkọ ìlú tí ò ń lọ, kí o bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù? Ṣé ó wà nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò sí aṣọ́bodè láàárín ara wọn? Ṣé yúrò ni wọ́n ń ná níbẹ̀? Má rò pé bẹ́ẹ̀ ni kan ti tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ èédú àti irin ló bí Ìṣọ̀kan náà. Ní 1951, Faransé, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì àti Lúsẹ́ńbọ́ọ̀gì fi méjèèjì sábẹ́ àjọ kan, kí ẹnì kan má baà máa dá rọ ohun ìjà ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ọjà àjọní tẹ̀lé e ní 1957. Látìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde ní 2020, ó ku orílẹ̀-èdè 27 nínú rẹ̀.

Schengen ló kan ẹni tó ń ti Àjàṣẹ́ tàbí Kétu ní ilẹ̀ Benin lọ jù. Ní 1985, márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà yẹn (Ítálì ò sí níbẹ̀) gbà láti yọ aṣọ́bodè kúrò láàárín ara wọn. Nọ́wè àti Swítsàlandì ò sí nínú Ìṣọ̀kan, síbẹ̀ físà Schengen wọ ibẹ̀. Áílándì wà nínú Ìṣọ̀kan, físà náà ò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi físà Faransé ra tíkẹ́ẹ̀tì Dublin, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n á ti dá a padà.

Òfin físà jẹ́ ti gbogbo wọn: Ìgbìmọ̀ aláṣẹ Ìṣọ̀kan náà ní Brussels ń dábàá rẹ̀, àwọn mínísítà àti ilé aṣòfin Yúróòpù ń fọwọ́ sí i. Àmọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fúnni ní físà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tí o máa pẹ́ sí jù ni kí o kọ̀wé sí. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, ibi tí o máa kọ́kọ́ wọ̀. Àwọn kan á lọ síbi tí wọ́n gbọ́ pé ó rọrùn, nígbà tí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì wọn ń sọ nǹkan mìíràn. Físà bọ́ nìyẹn, owó ò sì ní padà.

Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí o máa kúrò níbẹ̀, kí ojú ewé méjì ṣófo nínú rẹ̀. Ìwé adójútòfò tó lè san tó yúrò 30,000 fún ìtọ́jú rẹ ni wọ́n ń béèrè. Owó físà àgbàlagbà jẹ́ yúrò 90. Sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan láti 1999, nítorí náà ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ́fà 59,036. Ẹni tó bá ní yúrò ti gbówó lórí lánàá, èrè tirẹ̀ ló ń wá. Ní Pólándì àti Swídìn, wàá tún yúrò ṣẹ́ sí owó wọn.

Ọjọ́ 90 láàárín ọjọ́ 180 èyíkéyìí ni àyè tó wà láti gbé ní gbogbo Schengen. Bí o bá lo 60 ní Faransé, 30 péré ló kù fún Ítálì àti Spéìn pa pọ̀. Ọjọ́ tí o wọlé àti ọjọ́ tí o jáde, wọ́n ń ka méjèèjì.