Bẹ́ ẹ ṣe lè lo engine flush nínú mọ́tò tí wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́

Mọ́tò tó jẹ́ pé ọ́ìlì ni wọ́n kàn ń bù lé ọ́ìlì láti bí ọdún mẹ́ta, ẹ má kàn lọ ra engine flush (òògùn olómi tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì àtijọ́ láti fi fọ inú ẹ́ńjìnnì) kẹ́ ẹ dà á sí i o. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ibi tá a ń da ọ́ìlì sí lókè ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú ẹ̀. Tí irin inú ẹ̀ bá kàn pọ́n bíi tíì, kò sí wàhálà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tìka bọ̀ ọ́ tó dúdú, tó ki, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀ nìyẹn. (Ẹ́ńjìnnì Toyota V6 3.0 ti 1997 sí 2002 mọ ọ̀dà yìí í kó jọ dáadáa, àní ní 2002 Toyota gbà láti máa bá àwọn tó ni ín ní Amẹ́ríkà tún un ṣe fún ọdún 8.)

Ìdọ̀tí yẹn kì í yọ́ bí iyọ̀ o, ńṣe ló máa ń ṣí wẹ́wẹ́, á wá lọ dí asẹ́ kékeré tó wà nínú sọ́mpù (àwo abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń gbé) níbi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì. Tí asẹ́ bá ti dí, ọ́ìlì ò ní gòkè mọ́, irin á máa ha irin. Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí iná ọ́ìlì pupa fi ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kíá mo ti pa mọ́tò. Ìgbà tí mẹkáníìkì sọ sọ́mpù kalẹ̀, ṣíbí la fi ha á, asẹ́ yẹn wá dà bí ìdí ìkòkò ìrẹsì tó jóná.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń nọ́ọ̀kì (tó ń dún kókókó) tẹ́lẹ̀, ẹ fi flush sílẹ̀ pátápátá. Ọ́ìlì tuntun àti fítà (oil filter) tuntun ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ní kìlómítà 1,000, 1,000, lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀ lá máa fọ̀ ọ́.

Tó bá ṣì dáa, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ wo géèjì (ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì) kí ọ́ìlì má kọjá ààlà, ẹ wá da flush sínú ọ́ìlì àtijọ́ yẹn, kó máa ṣiṣẹ́ lórí slow fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, ọ̀pọ̀ ìgbà mẹ́wàá ni. Ẹ má wà á, ẹ má tẹ tọ́tù, ojú yín ò gbọdọ̀ kúrò lára iná pupa yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ tú ọ́ìlì dà nù bó ṣe gbóná (ẹ ṣọ́ra, ó ń bó èèyàn lára), ẹ jẹ́ kó kán tán, ẹ sọ sọ́mpù kalẹ̀ kẹ́ ẹ fọ asẹ́, kẹ́ ẹ tó wá fi fítà tuntun àti ọ́ìlì tuntun sí i. Ọ́ìlì yẹn náà, ẹ dà á nù ní kìlómítà 500. Tí mẹkáníìkì bá ní "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kúkú fi kẹrosíìnì ṣàn án", ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ gba agolo lọ́wọ́ ẹ̀, kẹrosíìnì máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn jù.

Tí ọ́ìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, síìlì (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) ti lọ tipẹ́ ni, ìdọ̀tí ló ń bá a dí i. Tèmi, síìlì ẹ̀yìn ló jò, ni wọ́n bá sọ gíà kalẹ̀ torí ẹ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á ra flush bíi páálí kan.