Bí ẹ ṣe lè dá sí àtúnṣe ìlànà iná fún ilé ìpamọ́ fáìlì

Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Baltimore tó ja ogun Kòríà. Nígbà tó ń wá owó ìtọ́jú tó tọ́ sí i, èsì tó kọ́kọ́ rí gbà ni pé fáìlì rẹ̀ ti jóná. July 12, 1973 ni iná sọ ní ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun ní Overland, lẹ́bàá St. Louis. Fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ló bá a lọ. Wọn ò ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn, kò sì sí páìpù tó ń fọ́n omi láti òkè níbi tí àwọn fáìlì yẹn wà. Àwọn ìwé owó oṣù àtijọ́ ni wọ́n fi ń tọ ipa bàbá náà.

Ilé ìpamọ́ fáìlì ni èmi náà ti ń ṣiṣẹ́, láti ọdún 11 sẹ́yìn. Páálí ni mò ń gbé sókè, tí mo sì ń gbé sọ̀kalẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn ẹnjiníà nìkan ló ń kọ ìlànà tí a ń tẹ̀ lé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí mò ń sọ ni NFPA 232, ìlànà dídáàbò bo ìwé àti fáìlì lọ́wọ́ iná. Àjọ NFPA, àjọ tó ń kọ ìlànà ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná, tó wà ní Quincy, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ló ń gbé e jáde, wọ́n sì máa ń tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì wọn, ẹ ó kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa pa ìlẹ̀kùn àbá dé wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbi tí ojú yín á ti máa rí i. Ẹ ò nílò láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹ ò sì nílò láti gbé Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì ilé ẹjọ́ ní Ìbàdàn lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́.

Public Input ni wọ́n ń pe àbá àkọ́kọ́. Nǹkan mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè: abala wo nínú ìwé, ọ̀rọ̀ wo gan-an lẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ìbínú ni mo fi kọ tèmi lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní àwọn páálí ti fún mọ́ra jù, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n fèsì, torí dandan ni kí ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé náà fèsì sí gbogbo àbá, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú ohun tí mo kọ tí wọ́n lè mú wọnú ìwé.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú téèpù àti tọ́ọ̀ṣì. Páálí wa gùn ní ínṣì 15, ó fẹ̀ ní 12, ó ga ní 10. Láàárín ìlà páálí kan sí èkejì lórí pẹpẹ, àlàfo gbọ́dọ̀ wà. Ibẹ̀ ni ooru iná máa gbà gòkè kó tètè ṣí ẹnu páìpù omi, ibẹ̀ náà ni omi máa gbà sọ̀kalẹ̀. Lálẹ́ tó bá ti rẹni, èèyàn á fi orúnkún ti páálí wọlé, èyí tó wà lẹ́yìn á sún dí àlàfo yẹn. Ẹni tó dúró níwájú kò lè rí i. Mo yọ páálí kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò: ibi tó yẹ kí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi wọ̀, ìka méjì ló gbà.

Àbá mi wá di pé kí irin ìdádúró wà lẹ́yìn gbogbo pẹpẹ, tí páálí ò ní lè kọjá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ sọ ọ́ lédè Yorùbá lórí fóònù títí tó fi já gaara, kí n tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi fọ́tò sí i, ṣùgbọ́n mo bo orúkọ oníbàárà tó wà lára páálí. Ẹ má gbàgbé ìyẹn láé.

Ẹ rò ó pé ta ló máa kà á. Àwọn onílé ìpamọ́, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, àwọn adójútòfò àti àwọn agbófinró iná ló wà nínú ìgbìmọ̀, àwọn tó wá láti ẹ̀ka kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìbò ìdá méjì nínú mẹ́ta ló ń jẹ́ kí àtúnṣe wọlé. Nítorí náà mo kọ iye tí irin náà máa ná ẹni tó ni pẹpẹ, torí òun ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Tí First Draft, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ tún ṣe, bá jáde, ẹ̀ ń kọ Public Comment, ìyẹn èrò yín nípa ẹ̀dà náà. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ tuntun wọlé níbẹ̀, wọ́n á tì í di àtúnṣe tó ń bọ̀. Second Draft, ẹ̀dà kejì, ló tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé gbogbogbò, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń dìbò níbẹ̀. Àlejò lè jókòó ní ìpàdé ìgbìmọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè ṣáájú.

Kí ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù yẹn rárá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ lọ sí pẹpẹ tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù, kí ẹ yọ páálí kan.